Ta Ni Yóò Ro Oko? Ọ̀rọ̀ Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Ń Gbé Epo Kpayó



Bí ẹ bá ti gba ọ̀nà Pọ́bẹ̀ lọ sí Kétu rí, ẹ ó ti rí àwọn tábìlì kéékèèké tí wọ́n to ìgò lé ní etí ọ̀nà. Ohun tó wà nínú ìgò náà ń dán nínú oòrùn. Kì í ṣe oyin, kì í sì í ṣe ọtí. Epo ọkọ̀ ni. Àwa ń pè é ní kpayó. Ọ̀rọ̀ Gùn ni. Ó túmọ̀ sí ohun tí kì í ṣe ojúlówó. Ní Tógò, wọ́n ń pè é ní bùdè. Láti Nàìjíríà ni ó ti ń wá. Kì í gba iwájú aṣọ́bodè kọjá, kì í sì í san owó-orí.

Ẹ ti mọ epo náà. Àwọn ọmọ tó ń gbé e ni mo fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Mo ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ẹnubodè. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ kíláàsì náà ní ọdún 2021, ènìyàn 26 ni ó forúkọ sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin 11 wà nínú wọn. Inú mi dùn gan-an, nítorí pé àwọn ọkùnrin kì í sábàá wá sí kíláàsì wa. Ṣùgbọ́n kí àgbàdo tó gbó, méjì péré ló kù nínú àwọn 11 yẹn. Àwọn ìyá wọn ṣì ń wá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo bi ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà pé:

“Ìyá Ìbejì, ọmọ yín dà?”

Ó wo ilẹ̀. Ó ní: “Olùkọ́, ó ti lọ gbé epo.”

Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin yòókù kò wí nǹkan kan, nítorí pé ọmọ tiwọn náà ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ló dé tí ọmọ fi ń fi oko bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ gbé ohun tó lè jó o pa? Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gun alùpùpù nínú igbó láti aago méjì òru títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ẹrù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí. Nígbà kan rí, ọmọ tó bá parí ilé-ìwé gíga ní Bẹ̀nẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ń dúró dè é. Kí ọdún 1989 tó parí, owó ti tán lọ́wọ́ ìjọba. Àwọn báǹkì wó lulẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀ láìgba owó. Ìjọba kò gba òṣìṣẹ́ tuntun bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni àwọn tó ka ìwé bẹ̀rẹ̀ sí fi alùpùpù gbé èrò ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Àwọn ni à ń pè ní zẹmijan. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye fáráǹkì wa sí méjì. Ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n epo Nàìjíríà kò wọ́n, nítorí pé ìjọba ibẹ̀ ń san lára owó epo náà fún àwọn ará ìlú rẹ̀. Lítà kan tí wọ́n rà lọ́hùn-ún, èrè wà nínú rẹ̀ tí ó bá ti kọjá ẹnubodè. Báyìí ni igbó Ìlárá, ti Ìgòlò àti ti Kraké ṣe di ilé-iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wa.

Ìdí kejì wà nínú ilé wa. Ilẹ̀ kò wọ́n wa ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọmọ. Ti bàbá ni. Ọmọ ọdún 20 yóò ro oko bàbá rẹ̀, yóò kórè, yóò ru ẹrù lọ sí ọjà. Bàbá ni yóò ka owó. Bí ó bá fún un, ó fún un. Bí kò bá fún un, ọmọ kò lè béèrè. Oko ń mú owó wá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Epo ń mú un wá ní òwúrọ̀ ọ̀la.

Iṣẹ́ ọwọ́ ńkọ́? Ọmọ tó bá fẹ́ di aránṣọ, tàbí mẹkáníìkì, tàbí ẹni tó ń jó irin, yóò ṣe ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá. Nígbà tí ó bá parí, ọ̀gá yóò ní kí ó mú owó ìgbòmìnira wá, pẹ̀lú ewúrẹ́, bíà, ọtí, àti aṣọ tuntun fún ọjọ́ àríyá. Òbí tó jẹ́ àgbẹ̀ kò rí i san. Ọmọ mìíràn mọ iṣẹ́ tán, síbẹ̀ ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún méjì sí i nítorí owó yìí. Òmíràn sá lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí àwọn ọ̀gá kan nínú. Kí wọ́n má bínú, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọmọ Ìyá Ìbejì. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó lọ. Ọ̀gá kan ní ẹnubodè ló gbé alùpùpù fún un. Ó ní tí ó bá ti san owó alùpùpù náà tán, ó di tirẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọmọ náà wá kí mi pẹ̀lú bàtà tuntun lẹ́sẹ̀. Ó ní owó ń wọlé. Mo ní kí ó jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí pátákó, bí a ti ń ṣe ní kíláàsì.

Bídọ́ọ̀nù 6 ni ó ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 50. Ìyẹn jẹ́ lítà 300. Wọ́n ń san 700 fáráǹkì fún un lórí bídọ́ọ̀nù kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4.200. Nínú rẹ̀, ó ń san 1.500 fún ọ̀gá nítorí alùpùpù. Ó ń san 500 fún àwọn tó ń dúró sí ojú ọ̀nà. Oúnjẹ àti táyà ń gba 400. Ó tún kù 300. Mo bi í pé kí ni 300 yẹn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní oògùn ni, kí ara má baà máa ro òun, kí oorun má sì kun òun lójú ọ̀nà.

Tramadol ni oògùn náà. Oògùn ìrora ni, dókítà ni ó yẹ kí ó fúnni. Wọ́n ń tà á nínú agbọ̀n ní ọjà bí ẹni ń ta súìtì. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́, ara rẹ̀ kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ó lè mú kí ènìyàn ṣubú, kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n bíi ti ẹni tí wárápá mú. Bí ó bá pọ̀ jù, èémí lè dúró. Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ yín bá ń gbé epo, ẹ wo àpò ṣòkòtò rẹ̀.

A yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó ku 1.500 fáráǹkì fún un ní alẹ́ kan. Ní òru márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, ó jẹ́ 7.500. Mo sọ òótọ́ fún un pé oko bàbá rẹ̀ kò lè fún un ní iye yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó dúpẹ́, ó lọ. Ohun kan wà tí a kò kọ sórí pátákó ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní ìgbà ọyẹ́, ní ìparí ọdún 2022, ó gbé bídọ́ọ̀nù méjì wá sílé. Ó fẹ́ dà wọ́n sínú ìgò kí ìyá rẹ̀ lè máa tà á ní iwájú ilé. Ilẹ̀ ti ṣú. Ó ní kí àbúrò òun, ọmọ ọdún 11, dúró ní ẹnu ọ̀nà, kí ó máa fi fìtílà tàn án sí òun. Ọmọ náà kò sún mọ́ epo. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó máa ń rọra rìn lórí ilẹ̀ láìjẹ́ kí ojú rí i. Ó bá fìtílà ní ẹnu ọ̀nà, ó sì gbiná. Ẹ̀gbọ́n fò gba fèrèsé. Àbúrò ni iná mú ní ẹsẹ̀ méjèèjì àti ọwọ́ ọ̀tún.

Àwọn aládùúgbò sáré wá. Wọ́n da omi sórí epo tó ń jó, iná sì bá omi ṣàn lọ sí yàrá kejì. Wọ́n fi epo pupa pa ojú egbò ọmọ náà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n kò dára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí fún àwọn ará ilé yín. Bí epo ọkọ̀ bá ń jó, yanrìn ni kí ẹ dà sí i, ẹ má da omi sí i. Bí iná bá mú aṣọ ènìyàn, kí ó má sáré. Ẹ dá a dùbúlẹ̀, ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó, kí ó máa yí lórí ilẹ̀. Nígbà tí iná bá kú, ẹ wá máa da omi tútù tó mọ́ sí ojú ibi tó jó fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin, amọ̀ tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó láìdì í le, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ọmọ bá mu epo, tàbí bí ẹni tó ń fi ẹnu fà á nínú rọ́bà bá gbé e mì, ẹ má jẹ́ kí ó bì í jáde. Bí ó bá ń bì í, epo lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ọmọ náà kò kú. Ó lo oṣù méjì ní ilé ìwòsàn. Bàbá rẹ̀ ta màlúù kan, ó sì fi ilẹ̀ kan dógò. Gbogbo 1.500 tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó jọ lọ síbẹ̀, kò sì tó.

Kì í ṣe ilé wọn nìkan. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ibi ìpamọ́ epo kan gbiná ní Sèmè-Podji, nítòsí ẹnubodè. Ènìyàn tó lé ní 30 ló kú. Ẹ ti gbọ́ ọ lórí rédíò.

Ní ọdún yẹn kan náà, nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, wọ́n fi Ààrẹ tuntun jẹ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ náà gan-an ni ó sọ pé ìjọba òun kò ní san lára owó epo mọ́. Lítà epo tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí 190 náírà níbẹ̀ fò dé nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, kpayó kọjá 600 fáráǹkì ní ọ̀pọ̀ ibi. Èrè inú rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń rà á bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ilé-epo tó ní ìwé àṣẹ. Ọ̀gá tó fún ọmọ Ìyá Ìbejì ní alùpùpù gbà á padà, ó sì ní ọmọ náà ṣì jẹ òun ní gbèsè. Ọdún méjì ni ọmọ náà ti fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Kò ní alùpùpù, kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ sì ti gbàgbé ọkọ́.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìdílé kan nìyí, kí ló kan orílẹ̀-èdè? Ẹ wò ó báyìí. Ní Bẹ̀nẹ̀, ju ìdajì àwọn ènìyàn lọ ni kò tíì pé ọdún 20. Bí ọ̀nà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbà jẹun bá wà lọ́wọ́ ìjọba ìlú mìíràn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ní Abuja tó láti sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn di aláìníṣẹ́. A ti rí irú rẹ̀ ṣáájú. Nàìjíríà ti ẹnubodè láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Tòmátì àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó jẹrà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa. A ṣí i padà, a sì gbàgbé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹni tó ni ẹ̀rọ ìlọgi ní abúlé wa fi owó kún owó ìlọ̀. Àwọn obìnrin inú kíláàsì bínú sí i. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Kpayó ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń mu.

Lítà epo tó bá gba ọ̀nà ẹ̀tọ́ wọlé ń san owó-orí. Nínú owó yẹn ni oògùn ilé ìwòsàn àti owó oṣù àwọn olùkọ́ ti ń jáde. Ilé ìwòsàn tó tọ́jú ọmọ tí epo jó kò rí nǹkan kan gbà lára epo tó jó o.

Ẹ tún wo oko. Àgbàdo tí a kò ro láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, koríko ti jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀. Bàbá tó ti dàgbà kò lè ro ẹ́kítà méjì fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Yóò gbin ìdajì. Bí ìdajì oko bá dínkù ní abúlé kan, ilé ni ebi ń pa. Bí ó bá dínkù ní abúlé púpọ̀, ìlú ni yóò máa ra oúnjẹ. Nígbà tí ẹ̀rọ ìlọgi wa bàjẹ́ ní ọdún 2022, a dúró de mẹkáníìkì láti Àjàṣẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ọ̀dọ́kùnrin tó lè kọ́ iṣẹ́ yẹn pọ̀ ní abúlé wa. Inú igbó ni wọ́n wà.

Ẹ má jẹ́ kí a parọ́ fún ara wa. Kò sí ẹni tí kò ra kpayó rí láàárín wa. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ti wà nínú alùpùpù mi. Opó ti fi owó rẹ̀ rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Àwọn arọ tí ẹnikẹ́ni kò gbà síṣẹ́ ti rí iṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n ń fi alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé e. Ìjọba ti gba bídọ́ọ̀nù lọ́wọ́ wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n tún padà, nítorí pé gbígbà ni wọ́n gbà á, wọn kò fún wọn ní nǹkan mìíràn.

Ní abúlé wa, àwọn ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn kíláàsì ní alẹ́ kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, wọ́n lọ bá baálé. Wọ́n ní kí àwọn bàbá gé ilẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí owó tó bá ti ibẹ̀ jáde jẹ́ ti ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Bàbá kan dìde, ó ní òun ṣì wà láàyè, ta ló fẹ́ pín ogún òun? Wọ́n ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ìkẹyìn, àwọn bàbá márùn-ún gbà. Bàbá ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà nínú wọn. Ó fún un ní kàńtì márùn-ún. Ẹ mọ̀ pé mítà 20 ní ìbú àti 20 ní gígùn ni kàńtì kan, 25 rẹ̀ ló sì jẹ́ ẹ́kítà kan. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé lédè Yorùbá, wọ́n tẹ̀ka sí i níwájú ẹlẹ́rìí.

Kò tóbi. Ọmọ náà gbin ata àti tòmátì sí apá kan tó sún mọ́ odò. Sí ìyókù, ó gbin ọ̀pẹ tí a ti sàn, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Pọ́bẹ̀ láti ọdún 1922. Irú ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí so ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí ó tó so, ó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sáàárín rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, kòkòrò jẹ tòmátì rẹ̀. Ó bínú, ó ní òun yóò padà sí ẹnubodè. Ìyá rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó kàn ní kí ó wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀ kí ó tó lọ. Ata ti ọdún kejì san gbèsè alùpùpù.

Mẹkáníìkì Àjàṣẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan gba ọmọ méjì láti abúlé wa. Ó gbà kí wọ́n máa san owó ìgbòmìnira díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, láìsí ewúrẹ́, láìsí bíà. Àwọn ọ̀gá yòókù bú u. Kò dá wọn lóhùn.

Nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́sàn-án tó fi kíláàsì sílẹ̀ nígbà yẹn, mẹ́rin ti padà sílé. Méjì ṣì ń gbé epo, nítorí pé òwò náà dínkù ṣùgbọ́n kò tíì kú. Méjì wà ní Èkó. Ẹnì kan wà tí a kò gbọ́ ìró rẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ìyá rẹ̀ ń wá sí kíláàsì lálaalẹ́ Ọjọ́rú. Ó ní òun fẹ́ mọ ìwé kà dáadáa, bí lẹ́tà bá dé, kí òun fúnra òun kà á.

Àbúrò ọmọ Ìyá Ìbejì náà ti ń wá sí kíláàsì wa, nítorí pé ó ti pẹ́ jù fún un láti padà sí ilé-ìwé àwọn ọmọdé. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, kò lè mú ẹfun. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń kọ̀wé. Àwọn àgbà inú kíláàsì kì í bá a wí. Ní Ọjọ́rú kan mo ní kí ó wá ṣírò kàńtì márùn-ún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún wa. Ó kọ ọ́ sórí pátákó: 5 lọ́nà 400. Ó dúró díẹ̀, ó ka ìka rẹ̀, ó kọ 2.000, ó sì wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo òun.